Orin Kíkọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ sọ níwájú Ìpàdé Àpapọ̀ Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ni ó ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ orin, nítorí pé àbá kan wà níwájú ìpàdé yìí pé kí a fi owó tí ó kù nínú àpò ẹ̀kọ́ ra fèrè onídẹ àti ìlù ńlá ti bẹ́ńdì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ lè máa fi wọ́n yan ní ọjọ́ ọdún ìlú. Àbá náà wu ojú, ó sì wu etí. A kò wá láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ó mú un wá, nítorí ìfẹ́ ìlú ni ó sún wọn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì nígbà tí àkókò orin bá tó, kí ẹ tó ná owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ kékeré kan: kọ, kọ́, kọ̀. Ọmọ tí ó kọ orin ti fi ẹnu gbé e jáde. Ọmọ tí ó kọ́ orin ti gbà á sórí. Ọmọ tí ó kọ̀, ó ti di ẹnu, ó ti jókòó. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì dá lẹ́tà kan mọ̀ kì í ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ìyá tí ó rán ọmọ pé kí ó lọ gbé igbá wá kò ní rí igba ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Etí ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ orin láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́fà gbáko kí a tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì kìíní. Ìyanu ni ó jẹ́ pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orin bí ẹni pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan.

Àwọn olùkọ́ èdè wa ti rí èyí tipẹ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, dò, re, mí ni wọ́n ń lò: ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Ibi tí dò-re-mí yìí ti wá yẹ ní mímọ̀. Obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ni ó ṣe ètò rẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí ó ń kọ́; John Curwen, tí ó jẹ́ àlùfáà, sì tún un ṣe, ó tàn án kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ tálákà tí kò ní dùùrù nílé lè máa ka orin. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, olùkọ́ ní láti lo ọjọ́ púpọ̀ kí ọmọ tó gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín dò àti mí. Ní ilẹ̀ wa, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fi ń tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ní ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ jẹ́ ohun kan náà. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àyè tí ó wà láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn òkè bàbá arúgbó lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, kí gbogbo ilé sì gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Nínú orin, àyè náà gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mú ọmọ kúrò lórí èyí tí ó ti mọ̀ bọ́ sórí èyí tí kò tíì mọ̀, iṣẹ́ náà kò sì le púpọ̀ bí a bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí. Ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní àárọ̀ ni ìwé orin àkọ́kọ́. Olùkọ́ kò ní fi ẹnu pe orúkọ ọmọ. Yóò kan fi ohùn kùn ún ni, tàbí kí ó fi gángan sọ ọ́. Bí ó bá sọ dò-mí, Òjó yóò dìde. Bí ó bá sọ dò-dò, Ìgè yóò dìde. Bí ó bá sọ mí-mí-dò, Táyéwò yóò dìde. Bí ó bá yí i padà sí mí-dò-mí, Kẹ́hìndé yóò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá sọ dò-dò-mí, ẹ̀rín ni yóò gba kíláàsì, nítorí Àjàyí yóò dìde, Ìdòwú yóò dìde, Àlàbá yóò dìde, Àìná pẹ̀lú yóò dìde, olúkúlùkù yóò sì máa jiyàn pé òun gan-an ni a pè. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń rí i fúnra rẹ̀ pé ohùn lè jẹ́ ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀. Bí ó bá béèrè pé báwo ni onílù ṣe ń ṣe é tí ẹni tí ó ń kì fi ń mọ̀ pé òun ni, a ó sọ fún un pé onílù kì í dá orúkọ sọ lásán, ó máa ń fi oríkì àti ọ̀rọ̀ gígùn tì í lẹ́yìn títí tí kò fi ní sí àṣìgbọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a sì fi kọ́ ọ, láìra ohun kan.

Eré yìí ní èrè kejì tí ó kan ọ̀rọ̀ ìjánu kíláàsì. Kò sí ọmọ tí ó lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń retí orúkọ tí a kò ní fi ẹnu pè. A ti rí kíláàsì ọmọ àádọ́ta tí ó dákẹ́ minimini báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò gbé ẹgba.

Lẹ́yìn dò, re, mí, a ó fi sọ àti là kún un. Púpọ̀ nínú orin àlọ́ àti orin eré òṣùpá wa kò ju ohùn márùn-ún yìí lọ, àwọn ọmọ sì ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó mọ orúkọ wọn. Fà àti tí lè dúró di kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún. A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn láti kọ gbogbo ohùn mẹ́jọ sójú pátákó ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì máa fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ sókè bọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn ọmọ yóò ha á sórí bí ẹni ń ka ìṣirò, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n bọ́ láti re sí sọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu wọn yóò ṣófo.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti jagun lórí ọ̀rọ̀ ohùn yìí. Nígbà tí a kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí èdè wa, ohùn orin àwọn Òyìnbó ni a fi ń kọ wọ́n, ohùn náà sì ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ni ó lè gbọ́ ohun tí ìjọ ń kọ. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Ẹ̀gbá, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Ohùn orin tiwa ni ó fi ń kọ orin ìyìn, ní 1922 ó sì kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù tí ó sì darí ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Krístì ní Marínà ní Èkó láti 1914 títí di 1962, gbé ìwé kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá àti bí ọ̀rọ̀ àti orin ti ṣe so pọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó gbé orin wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá ní òkè òkun. A dárúkọ wọn kí olùkọ́ kíláàsì kejì lè mọ̀ pé ọ̀ràn tí ó wà níwájú òun kì í ṣe ọ̀ràn ọmọdé. Bí ó bá ṣe orin kékeré kan fún iṣẹ́ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì jẹ́ kí ohùn sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí ó pe ọkọ́, ọkọ̀ ni àwọn ọmọ yóò gbọ́, gbogbo wa yóò sì máa fi mọ́tò ro ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí wàhálà inú kíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ti ń sá fún orin.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè náà fò sókè láàárín ọdún kan, ó sì lé ní 800,000. Ohun rere ni ó jẹ́. Láìsí i, àìmọye nínú àwọn tí ó jókòó síhìn-ín ìbá má mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ nínú kíláàsì láti ìgbà náà, olùkọ́ tí a kọ́ níṣẹ́ orin kò sì pọ̀ tó wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó pa ẹ̀kọ́ orin. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, orin nìkan ni ó ń dára sí i bí ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i. Olùkọ́ kan kò lè yẹ ìwé ìṣirò ọgọ́ta ọmọ wò ní ìdajì wákàtí; ṣùgbọ́n ó lè lé orin kan kí ọgọ́ta ọmọ gbè é, kí ó sì mọ ibi tí ó ti wọ́. Lílé àti gbígbè ni ọ̀nà tiwa, ó sì bá kíláàsì ńlá mu ju ohun tí ó wà nínú ìwé àwọn Òyìnbó lọ.

Ohun tí ó ń ba kíláàsì orin jẹ́ ni ariwo, èdè wa gan-an sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kí ó kọ orin "sókè", ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ kí ó gbé ohùn lọ sí òkè, ó sì lè jẹ́ kí ó pariwo. Ọmọ yóò yan ariwo. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ọwọ́ hàn wọ́n, láìfi ẹnu sọ ọ́: ọwọ́ lórí ìkùn fún dò, ọwọ́ ní àyà fún re, ọwọ́ lókè orí fún mí. Bí a bá fẹ́ kí orin rọlẹ̀, a ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ lè darí wọn láìsọ̀rọ̀ rárá, èyí tí yóò sì gba ọ̀fun òun náà là.

Àwọn ọkùnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ní láti kíyè sí ohun kan sí i. Ohùn àgbà ọkùnrin máa ń wà ní ohùn mẹ́jọ gbáko sí ìsàlẹ̀ ohùn ọmọdé. Bí ó bá lé orin pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké kan yóò gbìyànjú láti bá a wọ inú kòtò lọ, wọn yóò sì máa kùn bí kìnnìún. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ orin. Olùkọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Kí ó pe ọmọbìnrin kan láti kíláàsì karùn-ún tí ohùn rẹ̀ já gaara, kí ó máa bá a lé e.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu ni ó ń dùn wá jù. Ó ti di àṣà, pàápàá bí ọjọ́ ìdíje bá ń bọ̀, kí a sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó máa ya ẹnu, ṣùgbọ́n kí ó má gbé ohùn jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba ife-ẹ̀yẹ, ọmọ náà yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé Ọlọ́run kò fún òun ní ohùn. Yóò gbà á gbọ́ títí yóò fi di baba ọmọ. Ẹ wo àyíká yín nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ ó rí àwọn tí kì í la ẹnu nígbà tí a bá ń kọ orin ìlú. Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà kì í ṣi ohùn lò nínú ọ̀rọ̀ sísọ: kì í pe ọkọ́ ní ọkọ̀. Etí rẹ̀ yè. Ohùn rẹ̀ ni kò tíì mọ ọ̀nà. Kí a fi í sí àárín ọmọ méjì tí ohùn wọn dúró, kí a jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà gbólóhùn kúkúrú, kí a má sì ṣe dá a dúró níwájú kíláàsì. Sùúrù oṣù mélòó kan ni yóò gbà.

Ti ohun-èlò ńkọ́? Bí a bá gbé ìlù mẹ́wàá síwájú àádọ́ta ọmọ láìsí ètò, ìjà ni a gbé wá. Òfin wa kò pọ̀. Ìlù wà nílẹ̀, ọwọ́ wà lórí orúnkún, títí olùkọ́ yóò fi fi àmì hàn. Ọmọ mẹ́wàá ni yóò lu ìlù, ogún yóò pàtẹ́wọ́, ogún yóò gbe orin, lẹ́yìn náà ipò yóò yí padà. Ọmọ tí ó bá lù kí àmì tó dé yóò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn, kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ní ti àmì ìdákẹ́jẹ́, agogo ẹlẹ́nu méjì tó. "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́" ni a ń fi í sọ: re-mí-mí, re-mí, ẹnu ńlá fún re, ẹnu kékeré fún mí. Àwọn ọmọ kì í gbọ́ ọ bí ìró irin; ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́. Kò sí súfèé tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Agogo náà ni a ń fi lé ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́wọ́. Ìlù agogo tí àwọn onílù ń pè ní kónkóló kò gbọdọ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin, gbogbo àwọn yòókù ló sì ń fi etí sí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe gbé e fún un ní ọjọ́ gan-an tí ó da kíláàsì rú, kí àwọn yòókù má baà rò pé èrè ìwà pálapàla ni. Ní ti ẹgba, ọ̀rọ̀ wa kúrú: ẹni tí ń sunkún, ọ̀fun rẹ̀ ti dì, a kì í sì í gba orin lẹ́nu ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dì.

Àwọn kíláàsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa máa ń ráhùn pé a ń dí wọn lọ́wọ́, òótọ́ sì ni. Abẹ́ igi máńgòrò ni ibi tí ó dára jù, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Bí òjò bá rọ̀, a ó fi àlọ́ rọ́pò ìlù.

A kò lè fò ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá. Àwọn òbí kan, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ti wá bá wa pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn fọwọ́ kan ìlù, nítorí pé ti òrìṣà ni. A kì í bá wọn jiyàn, nítorí ọmọ wọn ni. Ohun tí a ń ṣe ni láti fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n. Ìgbìn jẹ́ ìlù Ọbàtálá, bàtá jẹ́ ti Ṣàngó àti ti egúngún, ìpèsè jẹ́ ti Ifá. A kò mú ọ̀kan nínú wọn wọ kíláàsì. Dùndún kò ní ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ó ń lù níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó, ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń kí àwọn Alhaji tí ó bá dé láti Mẹ́kà. A tún máa ń rán àwọn òbí Mùsùlùmí létí àwọn ọmọdékùnrin oníwéré tí ń jí àwọn aláàwẹ̀ ní òru Ramadan. Ta ni ó ń kó wọn níjàánu? Àwọn fúnra wọn ni: wọ́n ní olórí, wọ́n ní elégbè, wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń làágùn fún ní ọ̀sán ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe ní ààjìn. Bí òbí kan kò bá yí ọkàn padà síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́, yóò gbe orin, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìlú yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba, ni ọmọ onílù. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní ọmọ alágbe. Nítorí èyí, àwọn kan nínú wọn ń fi orúkọ mìíràn forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn baba wọn sì ń rò pé kò sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn baba wọ̀nyí ni a kò kọ́ àwa olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Àwọn àgbà onílù ń dínkù. Àwọn ọmọ wọn ń wá iṣẹ́ lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ tí a bá pe ọ̀kan nínú àwọn baba náà wá sí kíláàsì, tí ọmọ rẹ̀ sì di gúdúgúdú mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó rí i bí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe yí padà sí i. Àwa ti rí i, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfẹnusọ.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe èyí. Ní 1970 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò pàdánù ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, a kó orin, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà pọ̀ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó mọ àwòrán yà yóò fi gbogbo àkókò náà ya àwòrán, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Ibẹ̀ ni orin ti ń sọnù, láìsí ẹni tí ó fi òfin lé e jáde.

Nísinsìnyí, a padà sí owó tí ó wà nílẹ̀. Fèrè onídẹ kan, ọmọ kan ni yóò fọn ọ́, ètè ẹlòmíràn kò sì yẹ kí ó kàn án láìjẹ́ pé a fọ̀ ọ́. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò lè fọn ọ́ dáradára. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe nílé níhìn-ín. Àwọn ọmọ díẹ̀ ni yóò yan ní ọjọ́ ọdún, àwọn yòókù yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì máa wò wọ́n. Ẹ̀yin ará wa ní òkè òkun tí ẹ sì ti ń ṣètò láti fi pìánò ránṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti ikán kò ní jẹ́ kí ó pẹ́. Bí ọkàn yín bá fẹ́ ṣe nǹkan, ẹ bá wa san owó fún àwọn àgbà onílù, kí ẹ sì fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wálé fún ọdún.

Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí a pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí a fi apá kan ra agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gángan kéékèèké lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe wọ́n ní ìlú yìí, kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin jọ máa lò wọ́n. Kí a fi apá kejì san owó fún àgbà onílù méjì tí yóò máa yí ká àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí a fi apá kẹta pe àwọn olùkọ́ jọ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsinmi, kí àwọn tí ó mọ̀ kọ́ àwọn tí kò mọ̀. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì fún orin ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ dípò ìdajì wákàtí ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń ronú àtilọ sílé. Bẹ́ńdì lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí a bá ti ní àwọn ọmọ tí ó lè ka orin tí wọn yóò fọn.

Àpótí ìlù yóò wà ní yàrá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, èkejì lọ́wọ́ olùkọ́ tí ń kọ́ni lórin, a ó sì máa ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan níwájú aṣojú Ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìlù tọrẹ, kí ó bá Akápò sọ̀rọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí awọ tí a bá fi bo ìlù nígbà òjò kì í gbẹ dáradára.